Bẹntiróò ‘premium’ lẹ rò pé ẹ ń rọ sínú Bẹ́ǹsì yín? Ẹ tún un rò o!

Ẹni tó bá dé Berger, lójú ọ̀nà Apapa sí Òṣòdì, níbi tí wọ́n to àwọn ọkọ̀ tókùnbọ̀ sí lọ súà, tó bá ṣí ìdérí kékeré tó bo ẹnu táǹkì Bẹ́ǹsì tàbí BMW tó ti Amẹ́ríkà wọlé, òyìnbó kan sábà máa ń wà níbẹ̀ gàdàgbà: “Premium unleaded fuel only.” Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bẹntiróò tó ga, tí kò ní òjé nínú, nìkan ni kí ẹnikẹ́ni rọ sínú ọkọ̀ náà. Kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ èèyàn, àṣẹ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, èèyàn mélòó ló ń kà á? Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò yóò wo táyà, yóò wo ọ̀dà, yóò tan éèsì wò bóyá ó ń tutù, yóò ní kí mẹkáníìkì òun gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Tówó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n ti kó kọ́kọ́rọ́ fún un, ilé epo ló kàn. Ọmọ tó ń ta epo kò ní í bi í ju “Ti èló, sà?” lọ. Kò sì lè bi í ní nǹkan mìíràn, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé epo tó wà nílẹ̀ yìí, oríṣi bẹntiróò kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà. Èyí tí Corolla ń mu náà ni Bẹ́ǹsì ń mu, òun ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ń mu, òun náà ni wọ́n ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé.

Bẹ́ẹ̀ rèé, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó ńlá lèèyàn fi ń ra ọkọ̀ alágbára, owó ńlá mìíràn ló sì ń bá a lọ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tó nílò epo gíga sáré àsápajúdé lórí epo tí kò tó o. Àwọn kan sì wà, àwọn èèyàn wa tó wà l’Amẹ́ríkà àti ní London ni, tó jẹ́ pé epo olówó gọbọi ni wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ tí kò béèrè ẹ̀, torí wọ́n gbà pé bí owó epo bá ṣe ga sí ló ṣe dára sí fún mọ́tò. Tọ̀tún tòsì ló ń pàdánù.

NỌ́ŃBÀ TÓ WÀ LÁRA Ẹ̀RỌ EPO

L’Amẹ́ríkà, téèyàn bá yà sílé epo, bọ́tìnnì mẹ́ta ló sábà máa ń bá lára ẹ̀rọ tó ń fa epo. Wọ́n kọ 87 sára àkọ́kọ́, òun ni wọ́n ń pè ní régúlà, òun ni kò wọ́n. 89 ló wà láàárín. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni 91 tàbí 93, ìyẹn premium, òun ló gbówó lórí jù. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní octane. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agbára tó wà nínú epo ni nọ́ńbà náà ń sọ, pé 93 le ju 87 lọ bí ògógóró ṣe le ju ẹmu lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni bí epo náà ṣe ní sùúrù tó.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Nínú ẹ́ńjìnnì, pisítìnnì ló ń fún afẹ́fẹ́ àti bẹntiróò pọ̀ síbi tó há. Tó bá fún un tán, púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná sí i, epo yóò jó, agbára iná náà yóò sì ti pisítìnnì padà sísàlẹ̀. Ibẹ̀ lọkọ̀ ti ń rí okun rìn. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún pọ̀ bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbóná; ẹni tó bá ti fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà bàsíkùlù rí mọ̀ pé ìdí páǹpù máa ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Epo tó ní sùúrù yóò dúró de iná púlọ́ọ̀gì. Epo tí kò ní sùúrù, bí ooru bá ti pọ̀ jù fún un, apá kan nínú ẹ̀ yóò gbiná fúnra ẹ̀ kí iná tí púlọ́ọ̀gì dá tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ariwo tó ń tibẹ̀ jáde dà bí ìgbà téèyàn kó ẹ̀kùrọ́ sínú agolo, tó wá ń mì í. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tàbí tí awakọ̀ bá ṣàdédé tẹ iná mọ́lẹ̀, lèèyàn máa ń gbọ́ ọ jù. Knock lòyìnbó ń pè é.

Ẹ má ṣi èyí gbọ́ o. L’Ékòó, tí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì “ti nọ́ọ̀kì”, ohun tó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kónímọ́tò máa lọ wá òmíràn ní Ládípọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ́ìlì tó tán, tàbí omi tó gbẹ nínú rediétọ̀, ló ń fa ìyẹn. Nọ́ọ̀kì tí epo ń fà kì í sábà pa ẹ́ńjìnnì lójọ́ kan, àìsàn abẹ́lẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá le, tí wọn ò sì wá nǹkan ṣe sí i, ó lè dá ihò sórí pisítìnnì, ó lè jó gásíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀ náà kọ́, Ládípọ̀ ni.

Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń bá ariwo yìí jà. Lọ́dún 1921, Thomas Midgley, tó ń bá General Motors ṣiṣẹ́ l’Amẹ́ríkà, rí i pé tí wọ́n bá po kẹ́míkà kan tó ní òjé nínú mọ́ bẹntiróò, ariwo náà ń dákẹ́. Lọ́dún 1926, Graham Edgar wá ṣe òdiwọ̀n octane: ó mú kẹ́míkà méjì, ó fún èyí tó ní sùúrù ní 100, ó fún èyí tí kò ní sùúrù ní òdo, ó wá ń fi àdàlù àwọn méjèèjì wọn epo tó kù. Òdiwọ̀n ọ̀hún ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Òjé yẹn ló wá dọ̀rọ̀, torí májèlé ni, ó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Nígbà tí ọdún 2006 fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ti jáwọ́ nínú títa epo olójé fún mọ́tò. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, lọ́dún 2021. Torí náà, nínú òyìnbó tó wà lẹ́nu táǹkì Bẹ́ǹsì yẹn, “unleaded” ti kúrò ní ìṣòro. “Premium” ló kù.

OWÓ TÓ Ń WỌGBÓ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá àwọn tó ń ra ohun tí wọn ò nílò wí. Lọ́dún 2016, AAA, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn awakọ̀ l’Amẹ́ríkà, kó àwọn ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ní régúlà ni kí wọ́n máa lò, wọ́n rọ premium sí wọn, wọ́n sì gbé wọn lé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀. Agbára ò lé, epo tí wọ́n ń jẹ ò dín, èéfín wọn ò mọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà ṣírò ẹ̀ pé láàárín ọdún kan ṣoṣo, owó tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là làwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣòfò lórí premium tí mọ́tò wọn ò béèrè.

Ká sọ pé sẹ́ńtì 80 ló wà láàárín régúlà àti premium lórí gálọ́ọ̀nù kan. Táǹkì tó ń gba gálọ́ọ̀nù 15 yóò fi dọ́là 12 jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń rọ epo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò ti fi dọ́là 624 ṣe sàráà fún ilé epo kí ọdún tó yí. Lórí Camry o! Ìyá tó wà nílé ń dúró de owó oúnjẹ, ọmọ ń fi owó náà bọ́ mọ́tò tí kò bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan á ní premium ló ń fọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́. Láti ọdún 1995 ni òfin ti pọn ọ́n ní dandan l’Amẹ́ríkà pé kí gbogbo bẹntiróò ní kẹ́míkà tó ń fọ ẹ́ńjìnnì nínú, àti régúlà àti premium. Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi kún un nínú premium wọn, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé mọ́tò tí régúlà tọ́ sí yóò máa kú láìrí i.

Ní London àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Láti September 2021, epo tí gbogbo ayé ń rọ níbẹ̀ ni E10, tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 95. Èyí tí wọ́n kọ E5 sí, tó jẹ́ 97 sókè, ni súpà. Onímọ́tò kékeré tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé kò nílò súpà, àfi tí ọkọ̀ náà bá ti gbó débi pé wọ́n kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ mu E10.

ÀWỌN TÓ NÍLÒ Ẹ̀ LÓÒÓTỌ́

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn sọ pé ẹ̀tàn ni premium. Ọkọ̀ alágbára yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ń fún epo pọ̀ ju tàwọn tó kù lọ, tàbí kó ní túbò tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ̀ tipátipá. Ooru ibẹ̀ pọ̀, epo tí kò ní sùúrù ò lè gbà á.

Mazda fúnra wọn ò fi bò. Ẹ́ńjìnnì 2.5 tó ní túbò, tí wọ́n fi sínú Mazda6 ọdún 2018, wọ́n ní agbára ẹṣin 250 ló ń mú wá tó bá mu 93, àmọ́ tó bá jẹ́ 87 ló mu, 227 ni. Agbára ẹṣin 23 ti lọ, kò sí nǹkan mìíràn tó yí padà ju epo lọ. Dodge Challenger Demon, tó jáde lọ́dún 2018, ìyẹn wá kọjá ọ̀rọ̀: 808 lórí premium tí wọ́n ń tà nílé epo, 840 tó bá mu epo eré ìje tó jẹ́ 100, tí wọ́n sì ti ṣètò brain box ẹ̀ fún un.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kó ka ìwé ẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ “required” tàbí “only”, dandan ni. Tí wọ́n bá kọ “recommended”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé premium ló dára jù fún un, ṣùgbọ́n régúlà kò ní í pa á. Lọ́dún 2017, AAA tún yẹ àwọn ọkọ̀ “recommended” wò. Lápapọ̀, premium fi ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún kún bí wọ́n ṣe ń rìn jìnnà tó lórí epo, ó sì fi ìdá 1.4 kún agbára wọn. Owó tí premium fi ju régúlà lọ pọ̀ fíìfíì ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ pé ìrọ̀rùn ìrìn nìkan ló ń wá lè rọ régúlà sínú ọkọ̀ “recommended”. Ẹni tó fẹ́ràn eré, tó fẹ́ kí gbogbo agbára tóun sanwó ẹ̀ pé, kó ra premium. Àmọ́ oní-“required” kò ní ọ̀rọ̀ sọ.

ORÚKỌ ŃLÁ, NỌ́ŃBÀ KÉKERÉ

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé o. Àwọn àgbà ní orúkọ ń roni, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún bẹntiróò wa kò ro ó. PMS ni ìjọba àtàwọn elépo ń pè é, ìyẹn Premium Motor Spirit. Ẹ ò rí i pé “premium” wà níbẹ̀! Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè máa rò pé ohun tí Bẹ́ǹsì béèrè náà nìyẹn. Kì í ṣe òun. Òdiwọ̀n tí Nàìjíríà ń béèrè fún bẹntiróò kò ju nǹkan bíi 90 sí 91 lọ.

Ibẹ̀ ni pàkúté tó ń mú àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n wà. Wọ́n á wo ìdérí táǹkì, wọ́n á rí i pé 91 ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n á ní, “Ṣé 91 kọ́ ni ti Nàìjíríà? Ó ti bá a mu!” Kò bá a mu rárá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn octane. Èyí tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà àti nílẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń pè ní RON. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn mú RON yẹn, wọ́n ro ó pọ̀ mọ́ òmíràn tó le ju ìyẹn lọ tí wọ́n ń pè ní MON, wọ́n wá pín in sí méjì. Nítorí ẹ̀ ni nọ́ńbà tiwọn ṣe máa ń kéré. 91 ti Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi 95 sí 96 ní òdiwọ̀n tiwa. 87 wọn, régúlà yẹn, òun ló jẹ́ nǹkan bíi 91 lọ́dọ̀ wa.

Ó já sí pé bẹntiróò tá à ń pè ní Premium nílẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ régúlà àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ìdí nìyẹn tí Corolla, Camry àti Accord tí wọ́n ń gbé ti Amẹ́ríkà wá fi ń jayé orí wọn l’Ékòó. Epo tí wọ́n ṣe wọ́n fún náà ni wọ́n ń mu. Bẹ́ǹsì, BMW, Audi àti Subaru WRX ló ń gbààwẹ̀.

ÀWẸ̀ TÍ BẸ́ǸSÌ Ń GBÀ

Ẹni tó bá ní Bẹ́ǹsì yóò ní, “Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń wa tèmi, kò ṣe é ní nǹkan kan.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọkọ̀ ayé òde òní ní sẹ́nsọ̀ kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́ ariwo ẹ̀kùrọ́-inú-agolo yẹn. Kó tó di pé etí awakọ̀ gbọ́ ọ, sẹ́nsọ̀ ti gbọ́, ó ti ránṣẹ́ sí brain box, brain box yóò sì pàṣẹ fún púlọ́ọ̀gì pé kó fi iná ṣíṣá falẹ̀ díẹ̀. Ariwo á dákẹ́. Àmọ́ agbára á dín kù, ọkọ̀ á sì máa jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Onímọ́tò ò ní í mọ̀, torí kò wà á lórí epo gidi rí tó fi máa mọ ìyàtọ̀.

Láyé ọjọ́un, tí mọ́tò ò ní brain box, mẹkáníìkì ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ yí dísítírébútọ̀ títí tí ariwo á fi lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nísinsìnyí, ọkọ̀ ló ń dá a ṣe. Ṣùgbọ́n agbára sẹ́nsọ̀ náà níbi tó mọ. Ooru Èkó, gosíló wákàtí méjì, èèyàn márùn-ún pẹ̀lú ẹrù, éèsì tó ń ṣiṣẹ́, kí awakọ̀ wá tẹ iná mọ́lẹ̀ láti ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn: ìgbà yẹn gan-an ni nọ́ọ̀kì lè borí ohun tí brain box lè ṣe. Tí sẹ́nsọ̀ bá tún wá ti kú ńkọ́? Iná “check engine” yóò tàn. Àwọn kan kì í bìkítà, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń ní kí rewáyà yọ gílóòbù ẹ̀ kó má baà máa dà wọ́n láàmú. Ẹni tó pa ẹnu alóre mọ́ nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé mọ́tò lọ “tune” ló tún wá burú jù. Wọ́n á tún brain box ṣètò kí túbò lè máa tì sí i, kí ariwo sáléńsà lè máa jí àdúgbò. Ètò tí wọ́n ń gbà láti òkè òkun, epo 91 tàbí 93 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Láti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ lé orí epo wa, ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́.

OÒGÙN INÚ ÌGÒ ŃKỌ́?

Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀ máa ń sáré lọ ra “octane booster”. Kéèyàn ṣọ́ra. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé yóò fi “5 points” kún un, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé 91 yóò di 96. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n máa ń pe point kan, 91 yóò di 91.5 lásán ni. Àwọn mìíràn nínú ẹ̀ tún ní manganese, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu púlọ́ọ̀gì bí ìpẹtà.

Nọ́ńbà gíga nìkan kọ́ sì ni epo rere. Ní February 2022, wọ́n rí i pé bẹntiróò kan tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní methanol ju bí òfin ṣe fàyè gbà lọ. Ìjọba kó o kúrò nílẹ̀, ìlà gùn nílé epo, ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì figbe bọnu pé epo ti ba ọkọ̀ àwọn jẹ́. Ẹ sì wò ó o, octane methanol ju 100 lọ! Ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́ ni epo tó mọ́, tí òdiwọ̀n ẹ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu. Èyí tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ló burú jù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Kẹrosíìnì díẹ̀ péré ti tó láti fa octane lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù May, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróò kan l’Ékòó kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń sún mọ́ 500, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tí epo rọ̀ lówó, ẹni tí Bẹ́ǹsì ẹ̀ ń fi epo ṣòfò díẹ̀díẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára. Ní báyìí, àpò á sọ fún un.

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ alágbára náà kò ní í tìtorí èyí tà á. Kó máa rọ epo nílé epo tó ń tà dáadáa, níbi tí epo kì í pẹ́ nílẹ̀. Kó má tẹ iná mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tàbí tí ẹrù bá pọ̀. Kó jẹ́ kí rediétọ̀ àti fáànù máa ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ooru ni ọ̀rẹ́ nọ́ọ̀kì. Iná “check engine” tó bá tàn, kó gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá sì gbọ́ ariwo ẹ̀kùrọ́ nínú agolo, kó dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò tíì ra tiẹ̀ ló láǹfààní jù. Bí a ti mọ là ń kú, olongo kì í kú tìyàn-tìyàn. Bó bá dé Berger, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, kó tó gbóríyìn fún ọ̀dà tó ń dán, kó ní kí wọ́n ṣí ìdérí kékeré yẹn fún òun. Tó bá bá 87 tàbí “regular” níbẹ̀, kó máa bá ọjà ẹ̀ lọ. Tó bá bá “premium only”, kó yáa mọ̀ pé ọkọ̀ tí epo tó tọ́ sí i ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí lòun fẹ́ rà, kó sì ro ìyẹn mọ́ iye tó máa dá lé e.